Ìlùkìkì Àyà Lẹ́yìn Sìgá àti Àsè

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, ìbáà ṣe Kánò tàbí Kàdúná, ìbáà ṣe Jọ́ọ̀sì, Ẹnúgù tàbí Port Harcourt, èéfín ẹran súyà a bẹ̀rẹ̀ sí í rú ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ a péjọ síbẹ̀. Wọn a jẹ ẹran ọlọ́ràá tí a fi iyọ̀, ata àti ẹ̀pà lílọ̀ pa lára, wọn a sì fi ọtí tàbí ohun mímu aládùn lé e. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn a pe ẹni tí ń kiri sìgá, wọn a ra ẹyọ kan tàbí méjì, wọn a sì tanná ràn án. Fàájì ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kò yẹ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn nínú wọn bá délé, tí ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn, oorun kì í tètè wá. Àyà rẹ̀ a máa lù kìkìkì bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, títí yóò fi máa gbọ́ ìlù náà ní etí ara rẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Èrò tí ó máa ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba. Ẹnì kan a ní ọ̀tá ni ó ń dà òun láàmú. Ẹlòmíràn a ní àárẹ̀ iṣẹ́ lásán ni. Ẹlòmíràn a dìde, a gbé oògùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mì, a sì padà lọ sùn. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí ó gba ọ̀fun òun kọjá ní wákàtí méjì ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti wí tipẹ́tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìlùkìkì náà jẹ́ iṣẹ́ tí ara rán sí ẹni tí ó ni ín. Ó yẹ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń wí, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ kan ẹni tí ó mu sìgá, apá kejì sì kan àwọn tí òfin ìlú wà ní ọwọ́ wọn.

Ọkàn ẹni tí ó ti dàgbà, bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, a máa lù láti ìgbà 60 sí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá mú 70 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ìlù náà yóò lé ní 100,000 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Kò sí ọjọ́ ìsinmi fún un láti inú oyún títí di ọjọ́ ikú. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ó ń ti nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ènìyàn bá ń sáré, bí ẹ̀rù bá bà á, tàbí bí ibà bá mú un, ọkàn a mú ẹsẹ̀ yá, nítorí pé ara ń béèrè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìlùkìkì ni ó jẹ́ àrùn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara ẹni ni èyí: irú iṣẹ́ wo ni a gbé ka ọkàn lórí, tí ó fi ń sáré nígbà tí olúwa rẹ̀ dùbúlẹ̀?

Ní ti sìgá, ìdáhùn náà kò fara sin. Oró kan wà nínú ewé tábà tí a ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá fa èéfín sínú, oró náà a gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ tí yóò fi dé ọpọlọ. Ó a ta ara jí. Àwọn kókó ẹran kéékèèké tí ó jókòó lórí kíndìnrín a tú omi kan tí a ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Omi yìí gan-an ni ara ń tú jáde nígbà tí ènìyàn bá ṣe kòńgẹ́ ejò lójú ọ̀nà. Ọkàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti sìgá. Ohun tí ó mọ̀ ni pé a ti ké sí i pé ewu dé. Nítorí náà ni ìlù rẹ̀ fi lè fi 10 tàbí 20 lé sí i ní ìṣẹ́jú kan, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ a sì sún kì, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì ga sókè.

Ohun kejì tún wà tí ojú kò rí. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín sìgá, ọ̀kan náà sì ni pẹ̀lú èyí tí ń pa àwọn tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúnáwá sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Agbára tí afẹ́fẹ́ yìí ní láti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti atẹ́gùn rere tí à ń mí lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti gba àyè nínú ẹ̀jẹ̀, atẹ́gùn rere kò rí ibi jókòó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wá dà bí ọkọ̀ èrò tí àwọn àlejò tí kò san owó ti gba ìjókòó rẹ̀: awakọ̀ kò ní ṣàìpààrà ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lè kó àwọn tí ó yẹ kí ó kó. Bí ọkàn ti ń ṣe nìyẹn. Bí ìlù 7 péré bá kún ti ọkàn ẹnì kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ ọjọ́ kan dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, àfikún rẹ̀ yóò lé ní 10,000. Kò sí alágbàṣe tí yóò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba owó, ṣùgbọ́n ọkàn ń gbà á.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Àbújá, ní Èkó àti ní Akírà tí wọ́n ti kọ sìgá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fa ṣíṣà, nítorí wọ́n gbà pé omi tí èéfín náà gba inú rẹ̀ kọjá ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀tàn ni. Omi a máa mú èéfín tutù, kì í mú oró rẹ̀ kúrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe àlàyé pé èéfín tí ẹnì kan fà ní ìjókòó kan nídìí ṣíṣà lè tó ti ẹni tí ó mu ẹyọ sìgá 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dá kan náà ni nikotíìnì, ìbáà wọ aṣọ sìgá, ìbáà wọ aṣọ ṣíṣà, ìbáà sì jẹ́ aṣáà.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti jẹun tán, àpòlúkù àti ìfun a béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n lè lọ oúnjẹ náà kúnná. Bí oúnjẹ bá ti pọ̀ tó ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń béèrè ṣe ń pọ̀ tó, ọkàn a sì mú ìlù rẹ̀ yá kí ó lè tẹ́ wọn lọ́rùn láìjẹ́ kí ti ọpọlọ àti apá òun ẹsẹ̀ dín. Oúnjẹ ọlọ́ràá kì í tètè kúrò nínú àpòlúkù, nítorí náà iṣẹ́ náà a máa pẹ́. Ní Jámánì, oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ludwig Roemheld, tí ó kú ní ọdún 1938, ṣe àlàyé bí ikùn tí ó kún fún oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ṣe lè ti awọ tí ó pààlà àyà àti ikùn sókè, tí ọkàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù sódì bí ẹni pé àrùn wà lára rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àìsàn náà títí di òní.

Ọ̀rá nìkan kọ́ ni ó wà nínú àwo. Iyọ̀ a máa fa omi sínú ẹ̀jẹ̀, omi náà a sì fi kún ẹrù tí ọkàn ń tì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Nínú rẹ̀ ni a sì ti gbọ́dọ̀ ka èyí tí ó wà nínú súyà, nínú búrẹ́dì àti nínú àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin tí ó ti di ará ilé ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Dàkáà títí dé Kàlàbá. Ọtí náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1978, oníṣègùn Philip Ettinger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn ń lù ségesège lẹ́yìn tí wọ́n ti mutí yó ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ní ìgbà ọdún. Wọ́n sì pe àìsàn náà ní ọkàn ìgbà ìsinmi. Obì tí awakọ̀ akẹ́rù ń jẹ kí oorun má baà gbé e lọ láàárín Èkó àti Kánò, kọfí, àti ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún ni ní agbára, gbogbo wọn ni wọ́n ní èròjà kan náà tí ń lé oorun lọ, tí ó sì lè mú ọkàn sáré.

Ẹni tí ó jẹ àsè yó, tí ó mutí, tí ó sì mu sìgá lé e lórí, kò fún ọkàn ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àpòlúkù ń béèrè ẹ̀jẹ̀. Nikotíìnì ń fún àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ olóró sì ti gba ìjókòó atẹ́gùn rere. Sìgá ẹ̀yìn oúnjẹ, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kò sí èyí tí ó dùn tó o, ni ó bọ́ sí wákàtí tí ọwọ́ ọkàn ti kún jù lọ. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Níhìn-ín, ọkàn ni a ń gbé igbá náà rù.

Lóòótọ́, ìlùkìkì náà sábà máa ń rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí ni ó sì ń mú kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fà á kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èéfín tábà a máa ha inú òpó ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá a sì máa dì mọ́ ibi tí ó ha náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lára wọn tí wọn kò mọ̀, títí di ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá wọn dùbúlẹ̀ tàbí tí ọkàn bá dákẹ́ lójijì. Ìlùkìkì àyà jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìkìlọ̀ tí ń pariwo. Ẹni tí ó bá di etí sí èyí tí ń ké, kò ní gbọ́ èyí tí ń rìn jẹ́jẹ́.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru sìgá àti àwo oúnjẹ. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún, ìbẹ̀rù, oògùn ikọ́ mìíràn, àti àìsàn kókó ọrùn náà lè mú ọkàn sáré. Ẹni tí ó bá ń ṣe é léraléra lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ó sì ka ìlù náà fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó mu. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún dókítà ju ìtàn gígùn lọ. Ṣùgbọ́n bí ìlùkìkì bá bá àyà dídùn wá, tàbí òòyì tí ń gbé ni ṣubú, tàbí èémí tí kò délẹ̀, tàbí bí ìlù náà bá ń fò ségesège tí kò sì dáwọ́ dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkà mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé olúwa rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ìlù ọkàn wà. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ gbé lọ sí ibòmíràn lè máà ní àkókò tí ó kù mọ́.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí di ti ìlú. Kì í ṣe àná ni ayé mọ ewu tábà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1962, olórí àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1964. Nàìjíríà ṣe òfin lórí mímu sìgá ní gbangba ní 1990, ó fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2004, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2005. Ghana fi ìdènà tábà sínú òfin ìlera rẹ̀ ní 2012, Sẹ̀nẹ̀gà sì ṣe tirẹ̀ ní 2014. Ní 2015 ni Nàìjíríà ṣe òfin ńlá tí ó ka títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, tí ó sì ka títa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Ìlànà tí a ó fi mú òfin náà ṣẹ tẹ̀ lé e ní 2019.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn dé ìdí súyà ní alẹ́ yóò rí i pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ṣì ń ta sìgá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò ní owó páálí lè ní owó ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara páálí ni òfin ní kí a tẹ ìkìlọ̀ sí. Ẹni tí ó ra ẹyọ kan láti inú àwo alákiri kò rí ìkìlọ̀ náà rí. Bí ó ti gba sìgá ni ó fi sẹ́nu. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni èyí tí ọkàn rẹ̀ yóò ṣe ní òru, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn kan a máa wí pé tábà ń mú owó orí wọlé fún ìjọba, ó sì ń bọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé a ti ń gbin tábà ní Òkè-Ògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbẹ̀ náà sì ní ọmọ tí wọn yóò tọ́. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn àgbáyé náà fi ní kí àwọn ìjọba ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti rí ohun ọ̀gbìn mìíràn tí yóò mú owó wá. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí a kò bá ṣe parí kì í ṣe ìṣirò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 7, ó sì ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn tí ó jẹ́ pé èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń san owó ìwòsàn láti inú àpò ara wọn, àrùn ọkàn ẹnì kan ṣoṣo lè gba owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ó gba owó ìsọ̀, kí ó sì gba ilẹ̀ tí a jogún. Owó orí tí ń wọlé, àpótí ìjọba ni ó ń lọ. Gbèsè tí ń jáde, ilé opó ni ó ń jókòó sí.

Ti oúnjẹ náà kò gbẹ́yìn. Àjọ NAFDAC ti gbé ìlànà kalẹ̀ tí a fi ọdún 2022 pè, pé ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ sọ di líle kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí òróró tí a ń tà. Ọ̀rá yìí ni ó burú jù fún òpó ọkàn. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ dára ju ìwàásù lọ, nítorí pé obìnrin tí ń ra òróró ní ọjà Ònítshà tàbí ní ọjà Kánò kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba ni ó yẹ kí ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àwọn olùbẹ̀wò bá dé ọjà ní tòótọ́, ìlànà náà yóò gba ẹ̀mí là; bí ó bá sì dúró sínú fáìlì, ìwé lásán ni.

Ìròyìn ayọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọkàn kì í di ènìyàn sínú. Láàárín 20 ìṣẹ́jú tí ẹni kan bá ti mu sìgá ìkẹyìn, ìlù ọkàn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 12, afẹ́fẹ́ olóró náà a ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi padà sí ìwọ̀n tí ó yẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn òpó ọkàn fún un a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì ti ẹni tí kò jáwọ́. Ẹni tí kò bá lè dá a fi sílẹ̀ lè lọ sọ fún dókítà, nítorí pé nikotíìnì a máa de ni mọ́lẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì wà. Ní ti oúnjẹ, kò sí ẹni tí ó ní kí a má ṣe jẹ súyà ní Kánò tàbí wáákyè ní Akírà. Kí a bù ú níwọ̀n, kí ẹ̀fọ́ àti èso wà nínú àwo, kí iyọ̀ dínkù, kí a má ṣe fi àjẹyó lọ sórí ibùsùn, kí a sì rìn díẹ̀ kí a tó sùn.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìlùkìkì tí ó dé ní alẹ́ kan ṣì kéré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣì rọrùn láti gbọ́. Kí ẹni tí ó gbọ́ ọ nínú àyà ara rẹ̀ sọ sìgá nù. Kí àwọn tí a fi ìmúṣẹ òfin 2015 lé lọ́wọ́ sì rìn dé ìdí iná súyà, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti ń na owó ẹyọ kan sí alákiri, kí wọ́n ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe.